Ìwé Àkọsílẹ̀ Ọmọ Fẹ́lóṣíìpù Kan

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá òkun, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn kan kanlẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, ó kí mi kú iṣẹ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì. Ẹ̀ka kẹ́mísírì ni mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì, Àgbádárìgì sì ni ilé mi wà, níbi tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé omi ọ̀sà náà ni mo máa ń yàn fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń bójú tó láti yẹ̀ wò. Ọmọkùnrin yìí ni aṣáájú àdúrà nínú ọ̀kan lára àwọn fẹ́lóṣíìpù tó wà nínú ọgbà wa. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í pẹ́ dé kíláàsì, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé òun bá a níbi tí kò yẹ kí ó wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Mo tilẹ̀ ti ń ronú nípa lẹ́tà tí n ó kọ fún un nígbà tí ó bá fẹ́ wá àyè sí ẹ̀kọ́ oyè kejì.

Iṣẹ́ tí mo gbé fún un kò le, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Yóò wọn ọ́síjìn tí ó wà nínú omi ọ̀sà ní ibi mẹ́ta: ní èbúté Marina, ní òdìkejì lẹ́bàá Gberefu, àti lápá Ajido níbi tí ojú oró àti àwọn koríko omi mìíràn ti ń bo ojú omi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni yóò máa jáde, yóò wọ̀n ọ́n ní ìdájí, yóò tún wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán, fún ọ̀sẹ̀ 12. Iye 72 ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà nígbà tí iṣẹ́ bá parí, 72 náà ni mo sì bá níbẹ̀, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí ó dára gan-an.

Mo fẹ́ kí ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí fara balẹ̀ bá mi gbọ́ àlàyé yìí, nítorí pé inú rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọ̀nà tí Lajos Winkler, ọmọ ilẹ̀ Hungary, gbé jáde ní 1888 ni a ṣì ń lò. A ó rọ omi sínú ìgò débi pé afẹ́fẹ́ kankan kò ní ráyè há sínú rẹ̀, a ó sì kán oògùn méjì sí i lójú ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Ohun kan yóò dì nínú omi náà bí ẹrẹ̀, yóò sì rọra sọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Bí ọ́síjìn bá wà níbẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ ni ẹrẹ̀ náà yóò ní. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, funfun ni yóò jẹ́. Bí a bá dé yàrá àyẹ̀wò, a ó fi ásíìdì tú u, omi yóò sì pọ́n bíi tíì. Ìgbà náà ni a ó wá máa fi bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fa ìlà ìdíwọ̀n sí lára, kán oògùn mìíràn sí i títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣì, a ó da sítáàṣì díẹ̀ sí i, yóò sì dúdú lójijì bí omi inú ìkòkò aró. Láti ibẹ̀ lọ, ìkán kọ̀ọ̀kan ni. A kán an, a mì ín. A tún kán an, a tún mì ín. Ìkán kan ṣoṣo ní í pààlà láàrin omi aró àti omi tí ó mọ́ gaara, ẹni tí ó bá sì kánjú yóò ti kọjá ibẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń ṣe é, síbẹ̀ n kì í lè mí dáadáa nígbà tí ó bá ku ìkán méjì tàbí mẹ́ta.

Bí omi náà bá ti mọ́, a ó ka iye tí bùrẹ́ẹ̀tì lò. Bí a ṣe ń po oògùn wa, mílílítà kan lórí bùrẹ́ẹ̀tì dúró fún mílígírámù ọ́síjìn kan nínú lítà omi kan, nítorí náà ohun tí ojú bá rí ni ọwọ́ yóò kọ. Ṣùgbọ́n ìlà tí ó wà lára bùrẹ́ẹ̀tì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà ni ó wà láàrin ìlà kan sí èkejì, ìdajì àlàfo yẹn sì ni mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kà mọ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń sọ ọ́ fún wọn pé iye yòówù tí wọ́n bá kọ, òdo tàbí àrún ni yóò kẹ́yìn rẹ̀. 6.40 wà, 6.45 wà, 6.50 wà. Kò sí 6.43.

Iye àkọ́kọ́ tí ojú mi bà lé ní ojú ewé kẹrin ni 7.13. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni 6.97, lẹ́yìn náà 7.21, lẹ́yìn náà 7.08. Mo ṣí ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e, mo tún ṣí òmíràn. Àyà mi já. Mo tún wò ó, mo sì rí i pé iye ìdájí àti iye ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ọ̀sẹ̀ kẹrin títí dé ìparí, títí kan ti Ajido níbi tí koríko ti bo omi. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ewéko inú omi a máa tú ọ́síjìn jáde nígbà tí oòrùn bá ràn, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà àti ẹja àti gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú omi ni yóò jọ máa fà á símú, tí yóò fi di ìdájí tí omi náà yóò ti ṣófo. Àwọn apẹja wa mọ èyí láìka ìwé kankan. Wọ́n mọ ìdí tí ẹja fi máa ń yọ ẹnu sókè ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Omi tí ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yìí kì í sùn, kì í jí.

N kò sọ nǹkan kan fún un lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ ra ẹja létí ọ̀sà, mo sì bá bàbá àgbà kan, ọmọ ẹ̀yà Ògù, tí ó máa ń fi ọkọ̀ gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pàdé. Kí n tó béèrè ohunkóhun ni bàbá ti bi mí pé, “Ìyá, ọmọ yín ọjọ́ sí dà? Ṣé ara rẹ̀ yá? Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló bá mi jáde, n kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.”

Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, mo pè é, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo sì fi ìka mi sórí 7.13. Mo ní, “Fi ibi tí o ti ka mẹ́ta yìí hàn mí lára bùrẹ́ẹ̀tì.” Kò dá mi lóhùn. Ó wo ìwé náà títí, ó sì dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ṣe. Owó ọkọ̀ ló kọ́kọ́ wọ́n mi, nígbà tí mo sì rí owó, a ti bẹ̀rẹ̀ ìsọjí. Èmi ni mo ń darí àdúrà ìdájí. Iṣẹ́ Olúwa ni mo wà lẹ́nu rẹ̀, mà.”

Mo ní kí ó dìde, kí ó jókòó. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kẹ́yìn yẹn kò kúrò létí mi títí di òní. Ní aago márùn-ún àárọ̀, nígbà tí ó yẹ kí ó wà lórí omi pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, orí ìdúró ni ó wà nínú gbọ̀ngàn, tí ó ń bá Ọlọ́run tí ó dá omi náà sọ̀rọ̀. Kò sì rí i pé ohun méjèèjì tako ara wọn. Lójú rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti Olúwa, èkejì jẹ́ ti ilé ìwé, ti Olúwa ni yóò sì ṣáájú.

N kò lè dá a lẹ́bi nìkan, nítorí pé àwa ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Inú fẹ́lóṣíìpù ni èmi náà ti mọ Olúwa. Ní ọdún kejì mi, nígbà tí bàbá mi kò lè san owó ilé mọ́, àwọn arábìnrin mẹ́ta ni wọ́n gbà mí sí yàrá wọn, a jọ ń bu gàrí nínú abọ́ kan, wọ́n sì ń jí mi kàwé. Mi ò ní gbàgbé wọn láé. Mo mọ ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣe ní ilẹ̀ yìí. NIFES, tí ó so àwọn fẹ́lóṣíìpù káàkiri àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga pọ̀, ti wà láti 1968. Ní 1973 ni W. F. Kumuyi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15. Ibẹ̀ ni ìjọ Deeper Life ti ṣẹ̀. Ní yunifásítì yẹn kan náà ni E. A. Adéboyè ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní 1975, ọdún mẹ́fà ṣáájú kí ó tó di alábòójútó gbogbogbò ìjọ Ìràpadà. Àwọn méjèèjì yìí kò di aṣáájú nípa sísá fún iṣẹ́ ìwé. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìṣirò débi oyè ọ̀mọ̀wé mọ̀ pé kò sí ààwẹ̀ tí ó lè mú kí ìdọ́gba tí kò dọ́gba di èyí tí ó dọ́gba.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwàásù tí mo gbọ́ fún ọdún mẹ́rin ní fẹ́lóṣíìpù wa, n kò rántí ẹyọ kan tí ó dá lórí bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ ìwádìí. Wọ́n bá wa wí nípa aṣọ, nípa ọ̀rẹ́kùnrin, nípa orin ayé àti ayẹyẹ alẹ́. Wọ́n fi ẹnu ba ẹ̀spò nínú ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn da iṣẹ́ ọdún tó kọjá kọ, kí ó fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò wá sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kíláàsì, kí ó hun iye láti inú orí ara rẹ̀, a kò ka ìwọ̀nyí mọ́ ẹ̀ṣẹ̀, a sì máa ń fún wọn ní orúkọ dídùn: ìrànlọ́wọ́, ọgbọ́n, ojú rere. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan ni a máa ń gba àdúrà Dáníẹ́lì, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí a dára ju àwọn ẹgbẹ́ wa lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ ogún nínú orí kìíní ni ìlọ́po mẹ́wàá yẹn wà. Ẹsẹ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún ti sọ pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìwé àti èdè àwọn ará Kaldea, ìwé àwọn tí kò mọ Ọlọ́run wọn, wọ́n sì kọ́ ọ já. N kò tíì gbọ́ àdúrà tí a gbà lórí ọdún mẹ́ta náà.

Bí mo bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde lórí omi tí a sì ń padà bọ̀ ní Marina, mo máa ń mú wọn dúró níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845. Ọ̀pọ̀ wọn ti wá síbẹ̀ rí láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́ ìtàn igi Àgíà, níbi tí Thomas Birch Freeman ti wàásù ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, àti bí igi náà ṣe wó ní 1959. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rò níbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n ro Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ó di ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay College ní Sierra Leone ní 1827, tí ó sì dé Àgbádárìgì wa níhìn-ín ní 1845. Abẹ́òkúta ni òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò já gaara, wọ́n sì ní láti dúró níhìn-ín títí di ọdún kejì. Kò fi ìdúró yẹn ṣòfò. Ó ń wàásù, ó sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí Yorùbá.

Ọ̀nà tí ó gbà ń ṣe é ni ó ń mú mi lọ́kàn. Nígbà tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ kan, kì í kàn mú èyí tí ó bá wá sí i lẹ́nu. Ó ń béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà, ó ń tẹ́tí sí ìsọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn, ó ń kọ òwe sílẹ̀, ó sì ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ kan dé inú àṣà tí ó ti jáde. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Odindi Bíbélì Yorùbá kò sì jáde títí di 1884, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọwọ́ àti ọ̀pọ̀ àtúnṣe. Ogójì ọdún ó lé kan ni ó wà láàrin méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń ka Jòhánù 3:16 ní èdè rẹ̀ lónìí ń jẹ èrè sùúrù ọ̀mọ̀wé. Bí Crowther bá ti hun ọ̀rọ̀ láti inú orí ara rẹ̀ nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ta ni ì bá mọ̀? Àwa ni ì bá máa fi ọ̀rọ̀ yẹn gbàdúrà.

Ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mo ti jábọ̀ fún olórí ẹ̀ka wa pé ọmọ náà yóò tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, kò sì ní bá wọn lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Olùkọ́ àgbà kan tí ó jẹ́ baba ìsàlẹ̀ fún fẹ́lóṣíìpù wọn wá bá mi. Ó rán mi létí pé Ọlọ́run dárí ji Dáfídì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, èmi náà sì ti dárí ji ọmọ yìí kí ó tó dìde nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Sákéù tí ìgbàlà wọ ilé rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ni ó ní òun yóò san padà, Olúwa kò sì sọ fún un pé kò pọn dandan. Bí mo bá fọwọ́ sí ìwé yìí, àwọn mìíràn yóò gbé iye rẹ̀ lé e, wọn yóò sọ pé omi Ajido dára fún ẹja ní gbogbo wákàtí, ẹnì kan lè wá fi owó rẹ̀ dá oko ẹja síbẹ̀. Ta ni yóò dárí ji wá nígbà náà?

Ìyá rẹ̀ ni ó ṣòro fún mi jù. Ọjà Agbálátà ni ó ti ń tajà, ó sì gbé àpò àgbọn kan wá pẹ̀lú ara rẹ̀ láti ibùdókọ̀. Kí n tó dìde ni ó ti kúnlẹ̀. Ẹni tí ó lè bí mi ni! Èmi náà kúnlẹ̀, mo sì dì í mú. Ó ní, “Ẹ bá mi ṣàánú rẹ̀, ìyá wa. Òun ni àkọ́bí. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń wojú rẹ̀.” Mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. N kò lé e. Ọwọ́ mi ni yóò ti jáde, ṣùgbọ́n yóò jáde pẹ̀lú ohun tí ó ṣe fúnra rẹ̀.” Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò retí: “Ṣé irọ́ ni ó pa ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó dákẹ́. Ó ní, “Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.” Ó gbé àgbọn rẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé e, ó sì lọ.

N kò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn, ìdí rẹ̀ sì ju ti ọmọ náà lọ. Fáìlì ìgbéga mi wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ní àsìkò náà. Nínú rẹ̀ ni ìwé ìwádìí kan wà tí alábàáṣiṣẹ́ mi kan kọ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, tí ó fi orúkọ mi sí gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹta. Ó ṣe é láti fi dá oore kan tí mo ṣe fún un padà. N kò fọwọ́ kan ìgò kan nínú iṣẹ́ náà. Kí n sọ òtítọ́, n kò kà á parí. Ṣùgbọ́n iye ìwé tí wọ́n ń béèrè kò pé lọ́wọ́ mi, mo sì kà á mọ́ ọn. Mo gbé fáìlì yẹn sórí ibùsùn mi ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́, mo gbé ọwọ́ lé e, mo sì gbàdúrà pé kí Olúwa ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìyá yẹn béèrè pé ṣé irọ́ ni, orí fáìlì tèmi ni ọkàn mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ ìwé náà kúrò nínú ohun tí wọn yóò fi ṣe ìdíwọ̀n mi, mo sì lọ bá alábàáṣiṣẹ́ mi pé kí ó bá mi kọ̀wé sí àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n yọ orúkọ mi. Inú bí i. Ó ní ṣé mo fẹ́ sọ pé olè ni òun ni? Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó tún máa kí ara wa bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìgbéga náà kò bọ́ sí i lọ́dún yẹn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo mọ ọjà tí wọ́n ń sọ, mo ti ná an rí.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà tí mo gbà ń ronú nípa ẹ̀rí ìgbàgbọ́ nínú iṣẹ́ mi ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi àdúrà ní orúkọ Jésù bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n á dìde dúró, wọ́n á wolẹ̀ títí n ó fi ṣe tán, nítorí pé ọwọ́ mi ni máàkì wọn wà. Mo ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ilé ni mo ti ń gbàdúrà fún wọn nísinsìnyí, pẹ̀lú orúkọ wọn níwájú mi, Mùsùlùmí àti Kristẹni. N kì í fi ìdánwò sí àsìkò Jímọ̀. Bí mo bá ń máàkì, mo máa ń ṣẹ́ ìwé ìdáhùn níbi tí orúkọ wà kí n má baà mọ ọmọ ìjọ mi nínú wọn, mo sì máa ń padà wo mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ọwọ́ mi máa ń le ní òwúrọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹnikẹ́ni kò rí èyí. Ní Cavendish Laboratory, ilé ìwádìí ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Cambridge, tí wọ́n ṣí ní 1874, tí James Clerk Maxwell tí í ṣe onígbàgbọ́ jẹ́ olórí rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ kejì Orin Dáfídì 111 sára ilẹ̀kùn ní èdè Látìn, ẹsẹ̀ tí ó sọ pé iṣẹ́ Olúwa tóbi, àwọn tí ó ní inú dídùn sí i sì ń wá a kiri. Mo fi báírò kọ ọ́ ní Yorùbá sórí ìwé pélébé kan, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí tí mo ń kó bùrẹ́ẹ̀tì sí.

Ọmọ náà padà wá ní oṣù Kẹsàn-án. Ó ti sọ fún fẹ́lóṣíìpù pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe aṣáájú àdúrà ìdájí fún sáà kan, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn ní gbangba, èyí tí mi ò ní kí ó ṣe. Mo bá bàbá Ògù sọ̀rọ̀ lórí owó ọkọ̀, bàbá sì ní kí ó máa san ìdajì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo bá wọn jáde. Kùrukùru ṣì bo omi, a kò rí Gberefu láti Marina. Ọmọ náà tẹ̀ sórí etí ọkọ̀, ó ri ìgò náà sínú omi títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó dé e nínú omi níbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà wọ̀ ọ́, ètè rẹ̀ sì ń gbé ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́. Nígbà tí ó kán oògùn sínú ìgò ti Ajido, ohun tí ó dì níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun.

Ní yàrá àyẹ̀wò, ti Ajido jẹ́ 2.35. Ó kọ ọ́, ó sì wò ó fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé nínú ìwé àtijọ́, 7.13 ni ó wà ní àyè yẹn. Lẹ́yìn náà ó gbé ìgò ti Gberefu. Aró náà ṣì, ó ń kán an, ó ń mì ín, ó tún kán ẹyọ kan, omi sì mọ́ gaara. Ó bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé ìlà bùrẹ́ẹ̀tì, ó sì pè mí.

“Mà, ṣé 4.80 ni, àbí 4.85?”

Mo ní, “Kí ni ojú rẹ rí?”

Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì kọ 4.80.